Òórùn Ọsàn Lára Adúmáadán

Ọmọ méjì ni ìyá náà bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló kà sí ọmọ. Èyí àbúrò ló fẹ́ràn. Adúmáadán ló ń pè é, nítorí awọ rẹ̀ dúdú, ó sì ń dán bí ẹni pé inú òróró ni wọ́n ti gbé e jáde. Èyí ẹ̀gbọ́n kò ní orúkọ ìkẹ́ kankan. "Ìwọ yìí" ni ìyá ń pè é láti kékeré. "Ìwọ yìí, gbé omi wá." "Ìwọ yìí, ta ló ń kan ìlẹ̀kùn?" Àwọn oníbàárà ló bu iyì fún un tí wọ́n ń pè é ní Àǹtí Aránṣọ. Yàrá iwájú, nínú ilé wọn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sórí abẹ́rẹ́.

Àìsàn kan tí kì í dunni ló kọ́kọ́ gba ojú ìyá. Etí tẹ̀ lé e, ó wá di pé àfi kéèyàn sún mọ́ ọn dáadáa kó tó gbọ́rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kọ iṣẹ́, ó sì di èrò orí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ àti imú nìkan ló kù tó fi ń mọ ohun tó ń lọ. Imú yẹn sì mú. Ó máa ń gbóòórùn pé ọbẹ̀ fẹ́ jóná kí ẹni tó wà nídìí iná tó mọ̀.

Aránṣọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń yí i padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti tọ̀ sí, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, á sì tún sáré padà sídìí ẹ̀rọ kí oníbàárà tó dé. Èébú ni owó iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ le bíi pákó! Ṣé o fẹ́ bó mi láwọ ni? Ká ní Adúmáadán mi wà níbí, ṣé báyìí ni wọ́n á ṣe máa ha mí bí ìkòkò?"

Adúmáadán kò sí níbẹ̀. Ó ti wà lókè òkun láti ìgbà tí ìyá ṣì ń ríran fírífírí, ó ń gba àlejò nílé ìtura kan. Ó máa ń pe fóònù, ṣùgbọ́n ìyá kì í gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní ṣe ló ń dún bíi kòkòrò tó há sínú agolo. Á ju fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Ìyẹn kọ́ lọmọ mi. Ẹ ní kó wá kí n gbọ́ òórùn rẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wá dán gáùn tó gbé fún Aránṣọ wò, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí Aránṣọ ṣe sún mọ́ ọn láti bá a fa síìpù ẹ̀yìn, obìnrin náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀rẹ́ mi á bá mi fà á."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ bo imú. "Àǹtí, ṣé ìtọ̀ lẹ máa ń fọ́n sáṣọ kẹ́ ẹ tó lọ̀ ọ́ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Aránṣọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí oníbàárà ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé apá ara rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ó wẹ̀, ó fọra bí ẹni ń fọ ilẹ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ló bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù àbúrò rẹ̀. Àwọn ìgò tí Adúmáadán fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, lọ́fínńdà kan ṣoṣo tó ti ń lò láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tí kò pààrọ̀ rí. Ìgò gígùn ni, ó mọ́ gaara, omi inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í ṣe lọ́fínńdà tó nípọn, irú èyí tí ẹ̀kán kan rẹ̀ máa ń gbé ara aṣọ títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Fúyẹ́fúyẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sára lẹ́yìn ìwẹ̀. Láyé ìgbà tí Adúmáadán wà nílé, bó bá ti wẹ̀ tó wọ yàrá báyìí, ìyá á mí kanlẹ̀, á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ilé ti di ilé."

Aránṣọ fọ́n ọn sí ọrùn, sí àyà, sí apá. Ó tutù lára bí ìrì. Ọsàn ló kọ́kọ́ jáde, gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá ń bó ọsàn tútù tí omi èèpo rẹ̀ ta sí èèyàn lójú. Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ó ń ta imú díẹ̀. Bó ṣe ń gbẹ ni òdòdó kan ń yọ lábẹ́ ọsàn, òdòdó funfun kékeré irú èyí tó máa ń yọrí lókè ọgbà ilé onílé, tí èèyàn á gbóòórùn rẹ̀ bó bá ń kọjá, tí kò sì ní rí i.

Ó gbé oúnjẹ wọ yàrá ẹ̀yìn. Kò tíì sọ̀rọ̀ tí orí ìyá fi yí lórí ìrọ̀rí.

"Adúmáadán?"

Aránṣọ dúró sójú kan.

"Adúmáadán, ọmọ mi, ìwọ nìyí? Wọn ò tiẹ̀ sọ fún mi pé ò ń bọ̀!"

Ó la ẹnu láti sọ pé òun kọ́. Ọwọ́ ìyá ti dé ojú rẹ̀. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó ń fi ìka tọ ìpéǹpéjú rẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti kékeré, ọwọ́ yẹn kì í kan ojú rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ gbá a.

"Èmi ni, Màmá," ni Aránṣọ wí. Ohùn àwọn ọmọ méjèèjì ti jọra tẹ́lẹ̀. Àwọn aládùúgbò pàápàá máa ń ṣì wọ́n pè láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn.

Ìyá bú sẹ́kún ayọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún sunkún sí i. "Ẹ wo bí iṣẹ́ òkè òkun ṣe sọ ọwọ́ ọmọ mi dà! Pẹ̀lẹ́, ọ̀wọ́n mi. Wọ́n fìyà jẹ ọ́." Ọwọ́ tó pè ní pákó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló ń fẹnu kò.

Ó jẹun tán lọ́jọ́ náà, kò tu kankan dànù.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Aránṣọ ń sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí kí ìyá lè máa jẹun ni. Irọ́ ni. Ọwọ́ yẹn ló ń wá lọ.

Ó wá mọ ìwà lọ́fínńdà náà bó ṣe mọ ìwà aṣọ. Kì í pẹ́ lára. Bó bá fọ́n ọn sára gbígbẹ, ọsàn á ti fò lọ kó tó gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà, òdòdó á kù, òun náà á sì di tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n bó bá fi ìpara tí kò lóòórùn pa ara tó ṣì rin láti ilé ìwẹ̀, kó tó wá fọ́n ọn lé e, á dúró títí ìyá á fi jẹun tán. Irun orí máa ń gbà á dúró ju awọ lọ, aṣọ òwú sì máa ń gbà á dúró ju irun lọ. Bí ọsàn bá lọ, tí òdòdó lọ, ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ni òórùn kan bíi ti aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká nínú oòrùn. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bó bá ti débẹ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í fa imú.

"Adúmáadán, ṣé o ti lọ ni?"

Aránṣọ á ní òun ń bọ̀. Á yọ́ jáde, á fi ọṣẹ fọ ọrùn, á sì fi ẹsẹ̀ tó ń dún gbìgbì wọlé padà láti wá di ara rẹ̀.

"Ìwọ yìí, àbúrò rẹ dà?"

"Ó jáde, Màmá."

"O ti fi ojú líle rẹ yẹn lé e síta. Yí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jẹ́jẹ́, àbí igi ni mí?"

Ó wá di ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀, tí oníbàárà kankan kò wá. Aránṣọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú òórùn náà lọ́rùn, ìyá ń fọwọ́ ra á lórí. Ara tù ú débi pé ó wù ú kí díẹ̀ nínú ìfẹ́ náà kan òun fúnra òun. Ó ní, "Màmá, ẹ̀gbọ́n mi náà ń gbìyànjú fún yín o."

"Ta ni? Ìwọ yìí?" Ìyá fi imú rẹ́rìn-ín. "Kí ló fẹ́ ṣe tí kò bá gbìyànjú? Ta ló ń dúró dè é níbòmíràn?"

"Káfíńtà yẹn ńkọ́? Èyí tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan."

Ó béèrè é bí ẹni ń ṣeré. Káfíńtà kan ti wà lóòótọ́, ọkùnrin tí kì í pariwo, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan àga tí Aránṣọ ń jókòó lé ránṣọ. Ó ń wá sílé, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n á gbà, ó ṣàdédé dẹ́kun wíwá. Nígbà tí Aránṣọ pàdé rẹ̀ lọ́nà, ṣe ló sọdá sí òdìkejì títì. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé ọkùnrin náà rí nǹkan kan lára òun. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń dúró níwájú jígí, tó ń wá nǹkan náà.

Ẹ̀rín pa ìyá títí ó fi ń wúkọ́. "O ò mọ̀? Èmi ni mo lé e! Mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo ní, ọmọ mi, nítorí Ọlọ́run, mi ò lè máa wò ọ́ kó o kó sí wàhálà. Mo ní wárápá ń gbé ọmọ yìí, tó bá sì ti gbé e, á tọ̀ sára. Ha! Kò tiẹ̀ mu omi tí mo gbé fún un tán. Ṣe ló ń wá bàtà rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Ta ni ì bá máa fọ ìdí mi lónìí? Ṣé ìwọ ni? Ìwọ tí mi ò jẹ́ kó o fọ abọ́ rí?" Ó rọra já a ní èékánná lẹ́rẹ̀kẹ́, bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ ṣeré. "Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi ni mo ti wò ó, mo ní, èyí ò dára lójú, àmọ́ á wúlò. Rẹ́rìn-ín, jàre! Kí ló ń ṣe ọ́?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àbúrò rẹ̀ gan-an ló rín, ẹ̀rín wínníwínní yẹn, ìyá sì bá a rín in títí ó fi rẹ̀ ẹ́ tó sùn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Aránṣọ fọ́n lọ́fínńdà náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, sí irun, sí ọrùn aṣọ, sí etí apá aṣọ. Ó gbé oúnjẹ wọlé.

"Adúmáadán mi," ni ìyá wí, ó nawọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí. Ẹ ń rùn."

Ọwọ́ ìyá dúró lófuurufú. "Kí lo wí?"

Aránṣọ tẹ̀ mọ́ etí tó ṣì ń gbọ́ nǹkan. "Mo ní ẹ ń rùn, Màmá. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn mi lọ́hùn-ún pé ìyá mi ti kú. Ìyẹn sàn ju kí wọ́n mọ̀ pé báyìí lẹ rí."

Ó gbé abọ́ náà sórí àga, níbi tí ọwọ́ ìyá kò lè dé, ó jókòó, ó sì ń wo bí ìka ìyá ṣe ń wá a káàkiri orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí oúnjẹ tutù, ó dìde, ó lọ wẹ̀. Ó fọ irun, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tó ń rùn fún òróró ẹ̀rọ, ó sì wọlé padà.

"Màmá, ta ló gbé oúnjẹ yín síbí?"

Ìyá ń sunkún láìjẹ́ kó dún, bí ọmọdé tí wọ́n ti kìlọ̀ fún. Aránṣọ nu ojú rẹ̀, ó lọ gbé oúnjẹ náà kaná, ó fi ṣíbí bọ́ ọ. Bó ṣe ń bọ́ ọ, ìyá di etí aṣọ rẹ̀ mú. Kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ le.

Ó yẹ kí ó mọ níbẹ̀. Kò mọ níbẹ̀, nítorí ó dùn.

Adúmáadán wá di ẹni tó ń yọ ìrọ̀rí lábẹ́ orí ìyá, tó ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ nígbà òtútù, tó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. "Dákẹ́. Ta lo rò pé o jẹ́? Kú, kí n ráàyè ta ilé yìí." Ẹ̀gbọ́n á sì wọlé lẹ́yìn ìwẹ̀, á ti fèrèsé, á ki ìrọ̀rí padà, á ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Màmá. Mo wà níbí." Nígbà tó yá, ara ìyá á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí òórùn ọsàn bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹsẹ̀ tó dún rárá.

"Ọmọ mi," ló ń pe Aránṣọ báyìí. "Ọmọ mi, ti ìlẹ̀kùn. Má jẹ́ kó wọlé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn kó jẹ́ òun ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Ó sì mọ ohun tó yẹ kó ṣe láti tún gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ìgò kọ́bọ́ọ̀dù gbẹ, ó jáde lọ ra òmíràn. Ó dúró sínú ṣọ́ọ̀bù náà, ó fọ́n ọn sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó ń rìn kiri láàárín ọjà kó lè rí i dájú pé bí ti àtijọ́ ṣe ń lọ lára ni èyí náà ṣe ń lọ: ọsàn, òdòdó, aṣọ inú oòrùn. Òun náà ni.

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ìyá sọ pé ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe ségesège, pé kí wọ́n pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ pè. Adúmáadán gbọ́, ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó dé lọ́sàn-án pẹ̀lú báàgì ńlá kan. Ó ti sanra díẹ̀, ojú rẹ̀ wú fún ẹkún. Ó dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Òórùn ọsàn kún ọ̀nà àbáwọlé. Ó ti fọ́n ọn nínú ọkọ̀ tó gbé e wá, kí ìyá lè mọ̀ ọ́n kíá.

Aránṣọ lè ní kó kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ahọ́n rẹ̀. Ó rìn ṣáájú, ó sì bá a ṣí ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, èmi nìyí!" Adúmáadán ti wà lórí eékún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Adúmáadán yín ti dé."

Ìyá fa aṣọ bo orí. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ń mì. "Rárá! Ọmọ mi, gbà mí! Gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀!" Nígbà tí Adúmáadán gbìyànjú láti gbá a mọ́ra, ó ha á lójú, èékánná rẹ̀ sì fa ẹ̀jẹ̀. "Lọ sọ fún wọn pé mo ti kú! Ṣebí o ti sọ fún wọn! Jáde!" Ìtọ̀ ṣàn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Adúmáadán jáde sí yàrá iwájú, ó wó lulẹ̀ láàárín àwọn gígé aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo ṣe fún wọn?"

"Ogbó ni," Aránṣọ wí, ó ń fi òwú rírin nu ojú rẹ̀ níbi tó ti bó. "Ọpọlọ wọn ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Má gbà á sí ìbínú."

Adúmáadán kò juwọ́ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wẹ̀ tó ń fọ́n lọ́fínńdà kó tó wọlé, kí òórùn ara òun lè dùn mọ́ ìyá. Aránṣọ á gbọ́ ìró ìgò náà láti ilé ìwẹ̀, fíìsì, fíìsì, kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà á gbọ́ igbe ìyá. Lẹ́yìn igbe, á dìde, á lọ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ibi tó ti ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ni ìyá kú sí, ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú orí lórí itan Aránṣọ. Kó tó lọ, ó sọ̀rọ̀ kan, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ó dáa tẹ́lẹ̀, ọmọ yẹn. Ta ló bà á jẹ́ fún mi?" Aránṣọ gbọ́ ọ ketekete. Ó ń tún etí ìrọ̀rí ṣe. Nígbà tó fi máa tún un ṣe tán, kò sí ẹni tó máa dá lóhùn mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Adúmáadán ń bá a kó ilé jọ, ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rí ìgò tuntun náà. Ó gbé e lọ́wọ́, ó wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aránṣọ dúró, ó ń retí.

Omi lé ròrò sójú Adúmáadán. "Ẹ̀gbọ́n mi! Nítorí pé àárò mi ń sọ yín lẹ ṣe rà á?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Aránṣọ wí.

Àbúrò rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i léjìká, ó sì fọ́n díẹ̀ sí i lọ́rùn pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ ti fọn fèrè nísàlẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tó kù díẹ̀, ṣé wọ́n sọ nǹkan kan nípa mi? Ohunkóhun."

Aránṣọ gbé báàgì rẹ̀. "Wọn ò dárúkọ rẹ," ó ní.

Adúmáadán mi orí. Ó ń mì ín títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀, ó wọ ọkọ̀, kò wẹ̀yìn. Aránṣọ gòkè padà. Ó ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó wọ́ mátírẹ́ẹ̀sì lọ sídìí fèrèsé kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, ó parí gáùn tó wà lórí ẹ̀rọ, ó sì lọ̀ ọ́. Ó jẹun, ó sùn. Kò lá àlá kankan.